Ìdì Pèrègún Méje

Bí Sùlè Ọ̀ṣìnúbí bá gé pèrègún ọgbà rẹ̀ tán, èèyàn lè gbé ife tíì lé e lórí, kò ní dà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan l'Ọ̀tà, iṣẹ́ tó sì ṣe níbẹ̀ kò ju kó dúró lójú kan, kó máa wo bisikíìtì bí wọ́n ṣe ń tò kọjá. Èyí tó tẹ̀, á yọ ọ́. Èyí tó jóná létí, á yọ ọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Ó ń tún bàtà tò lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó ń tún aṣọ tí aládùúgbò sá sórí okùn sá. Lọ́jọ́ kan, ó tún ìlà àwọn tó fẹ́ kírun tò títí lèmọ́mù fi yíjú padà bi í bóyá kí òun lọ ná, kí òun padà wá bó bá tò ó tán. Gbogbo àdúgbò Ìfẹ́sowápọ̀ ní Joju, lágbègbè Ọ̀tà, ń pè é ní Bàbá Kọ́lítì, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn bí ẹni pé oyè ni.

Pèrègún yìí kì í ṣe ewé lásán fún un. Lọ́dún tó ra ilẹ̀ náà, kò lágbára búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Ó gé ọ̀pá pèrègún nílé bàbá rẹ̀ l'Ọ̀tà, ó gbé e wá sí Joju, ó rì í mọ́lẹ̀ yí ààlà ká. Lọ́dún kẹta, àwọn kan dé pẹ̀lú katakata pé àwọn fẹ́ tún ilẹ̀ náà tà fún ẹlòmíràn. Wọ́n rí pèrègún. Wọ́n wo ara wọn. Ẹni tí yóò fa pèrègún ààlà tu, ó yẹ kó ti dágbére fún ará ilé rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dágbére kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n yí katakata padà. Láti ìgbà náà ni Sùlè ti ń pe ọgbà ewé rẹ̀ ní ọlọ́dẹ tí kì í sùn, tí kì í sì í gbowó oṣù.

Àmọ́ òjò ọdún tó kọjá ba nǹkan jẹ́. Àṣà kan wà ládùúgbò náà. Ẹni tó bá gé ewé ọgbà kì í wá ibi tí yóò kó o sí, yóò dúró de òjò ni. Bí òjò bá ti ṣú, kálukú á ti ewé tirẹ̀ sínú gọ́tà, wọ́n á ní kí omi gbé e lọ. Omi ń gbé e lọ lóòótọ́. Ó gbé e dé ẹnu kọ́fáàtì, ihò omi abẹ́ títì tó wà ní oríta, ó dì í pa níbẹ̀, omi sì padà wá jíṣẹ́ nílé àwọn tó rán an. Ilé Arábìnrin Rónkẹ́ Ṣọládé ló kọ́kọ́ yà. Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé. Àga tìmùtìmù rẹ̀ gbéra ní pálọ̀, ó rìn dé ilé ìdáná, kò sí ẹni tó tì í.

Alága pe mítìn. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí òkìtì ewé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, lójú títì ni o, nínú àgbàlá ni o, wọn yóò hú ọgbà ewé rẹ̀ tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn méjì yòókù tó ní ọgbà ewé ti hú tiwọn fúnra wọn. Gbogbo ojú tó wà ní mítìn yí sí Sùlè. Sùlè ń wo igun tábìlì tí kò dọ́gba.

Ó délé, ó rò ó. Kí ó jó o níná? Ìyá Treasure ni aládùúgbò rẹ̀, ọmọ obìnrin náà sì ní ikọ́ fée, bí èéfín bá ti rú, ọmọ náà kì í lè mí. Kí ó tì í sí gọ́tà? Ó sàn kó ti ara rẹ̀ sí i. Ó ku ọkọ̀ akólẹ̀ tó máa ń dúró ní oríta láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó lọ bá Táyọ̀, awakọ̀ náà, pé ṣé wọ́n lè bá òun gbé ewé.

"Bàbá, àwa kì í ṣa ewé nílẹ̀ o," ni Táyọ̀ wí. "Tẹ́ ẹ bá dì í dáadáa, a máa gbé e."

Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó dì í dáadáa nìyẹn. Gbogbo wàhálà tó tẹ̀ lé e, inú gbólóhùn yẹn ló ti jáde.

Lọ́jọ́rú, Sùlè ta okùn, ó yọ àdá, ó gé ọgbà náà lọ geere. Ó kó ewé jọ, ó kó ọ̀pá jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì wọ́n. Kò rí okùn. Ìyàwó rẹ̀, Ràbíátù, jẹ́ télọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán aṣọ ilé ìwé kan tán, àjákù aṣọ pupa sì kún inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Sùlè gé aṣọ pupa náà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi dì í. Nígbà tó kà á, ìdì mẹ́fà àti ààbọ̀ ni. Ààbọ̀ yẹn kò jẹ́ kó lè jẹun. Ó dìde, ó tún gé díẹ̀ lára ọgbà, ó sọ ọ́ di méje.

"Bàbá Mọ̀nsúrát, ṣé ìdọ̀tí lẹ̀ ń dì ni àbí ẹrù ìyàwó?" Ràbíátù bi í látorí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Nǹkan tó bá kúrò nílé mi, orúkọ mi ló ń gbé lọ."

"Ẹ kúkú kọ ọ́ sí i lára."

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, kó tó kírun àsùbáà, ó ti kó ìdì méjèèje sínú bárò, ó tì í lọ sí oríta tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Kò fẹ́ kí ewé kankan já sílẹ̀, nítorí náà ó tẹ́ àpò fúláwà funfun kan sílẹ̀, ó to ìdì méjèèje lé e, ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín wọn. Nígbà tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí, ó dúró wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó wá ro ti Táyọ̀ àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí onídọ̀tí kiri láti òwúrọ̀. Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń rí nǹkan fi sẹ́nu? Ó délé, ó mú àwo tánganran funfun onídèérí tí Ràbíátù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó lọ gba àkàrà gbígbóná lọ́dọ̀ Hàlímọ̀tù, ó fi ẹ̀kọ mẹ́ta tì í, ó gbé e síwájú ìdì méjèèje, ó dé e kí eṣinṣin má bà á. Ó gbé omi tútù tì í. Ó lọ sílé lọ sùn, oorun ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́.

Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn ló jí i. Oyèbọ́lá ni, ará Ìkirun tó ń jó irin lójúlé kejì.

"Bàbá, ẹ má jáde o."

"Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Oyèbọ́lá. Ibo ni mo fẹ́ jáde lọ?"

"Wọ́n ti gbẹ́bọ sí oríta."

Sùlè dìde jókòó. "Irú ẹbọ wo?"

"Bàbá, mo ti rí ẹbọ n'Íkirun, mo ti rí i l'Óṣogbo. N ò rí èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe tó báyìí rí. Ẹni tó ṣe é ní rúlà lọ́wọ́. Ìdì mẹ́rìndínlógún. Aṣọ pupa. Orí ewúrẹ́ wà nínú àwo."

"O rí orí ewúrẹ́ náà?"

"Wọ́n bò ó, Bàbá. Ẹni tó ń bo nǹkan, ṣé yóò fi hàn yín ni?"

"Ọkọ̀ akólẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dé, ó rí i, ó sì fẹ̀yìn rìn. Wọ́n ní ó fẹ̀yìn rìn dé Toll Gate." Oyèbọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ká sòótọ́, nígbà tí mo fẹ́ kó wá síbí, wọ́n kìlọ̀ fún mi nílé. Wọ́n ní Ọ̀tà lo ń lọ, lajú sílẹ̀."

"Èmi ọmọ Ọ̀tà lò ń sọ ìyẹn fún?"

"Mo yọ tiyín kúrò, sà."

Inú bí Sùlè gidi. Nínú gbogbo oríta tó wà láti Joju dé Sángò, ẹni burúkú yìí kò rí ibi tó gbẹ́bọ sí àfi ẹ̀gbẹ́ ibi tóun to ìdì òun sí. Ó ti lé ọkọ̀ lọ. Ọ̀túnla ni Sátidé. Ọgbà òun ni yóò jìyà rẹ̀. Ó wọ jalábíà, ó mú tèsùbáà, ó jáde.

Èrò ti pé. Wọ́n dúró jìnnà sí oríta bí ẹni pé nǹkan náà lè fò mọ́ wọn. Àwọn ọlọ́kadà ń dé, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń ṣẹ́rí padà gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ààfáà ń ka tirẹ̀ lápá ọ̀tún, Pásítọ̀ ń sọ tirẹ̀ lápá òsì. Èrò dí Sùlè lójú, kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò dúró kó rí i kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi," ló wí, ó gbé tèsùbáà sókè. "Ẹni tó bá ń gbé irú nǹkan báyìí sójú ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ, wọn kò kọ́ ọ nílé."

"Òótọ́ ni," ni èrò dáhùn.

"Oorun tó sùn lẹ́yìn tó gbé e kalẹ̀, kó má ṣe é láǹfààní."

"Àmín."

"Bó bá níyàwó, kí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́."

"Àmín o."

Wọ́n yà fún un torí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bẹ̀rù. Ó jáde síwájú. Ó rí àpò fúláwà funfun. Ó rí aṣọ pupa. Ó rí ìdì méje tó dọ́gba. Ó rí àwo Ràbíátù.

Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ń wá ẹbọ. Òun nìkan ni ẹbọ. "Àmín" tí àwọn ará ẹ̀yìn ń ṣe kò tíì tán.

"Bàbá, ẹ ò wí mọ́," ni Oyèbọ́lá wí.

"Mo ń kà á ni."

"Ṣé ó pé mẹ́rìndínlógún?"

"Méje ni."

"Ẹ wo bó ṣe dọ́gba."

"Ó dọ́gba," ni Sùlè wí, kò mọ ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Hàlímọ̀tù aláàkàrà na ọrùn láti ẹ̀yìn. "Pèrègún lèyí. Ta ló ní pèrègún ládùúgbò yìí?"

Gbogbo ojú tó wo Sùlè ní mítìn tún wò ó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi bí Ìyá Treasure ṣe fò mọ́ ọn tó dì mọ́ ọn.

"Háà, Bàbá Kọ́lítì. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n ti lọ gé ewé ọgbà yín fi pe orúkọ yín."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tí kò kí Sùlè lóṣù yẹn kí i. Ààfáà gbé ọwọ́ lé e ní èjìká. Pásítọ̀ di orí rẹ̀ mú. Ọ̀kan ń da omi sí i lára, èkejì ń ta òróró sí i níwájú orí, Sùlè sì dúró láàárín wọn bí bisikíìtì tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi yọ òun. Ká má parọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ti ṣàánú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó fẹ̀yìn tì. Ó rò ó pé bóyá kí òun dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ tú ká.

Alága ni kò jẹ́ kó tú ká. Arábìnrin Ṣọládé ti fi agbòjò ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

"Ṣé ẹ ti wá rí ohun tí mò ń wí? Bí kò bá sí ọgbà ewé, kí ni wọn yóò rí gé? A kò dúró de Sátidé mọ́. Nítorí ẹ̀mí Bàbá ni. Olúṣẹ́gun, ìwọ tó ń ṣọ́ géètì, lọ gbé àdá àti ṣọ́bìrì wá. A máa hú u lónìí."

Àdúrà wọn ṣì ń lọ lórí Sùlè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ mọ́. Olúṣẹ́gun ti yíjú sọ́nà ilé ṣọ́bìrì. Sùlè rí ọjọ́ tí katakata yí padà. Ó rí ara rẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò ní nǹkan kan láyé ju ọ̀pá pèrègún àti ilẹ̀ tó rì í sí. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò pè é ní ẹlẹ́bọ. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ọlọ́dẹ rẹ̀ lọ.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ewé ọgbà mi ni. Mo dì í fún ọkọ̀ akólẹ̀."

Pásítọ̀ mi orí. "Ó ti ń mú un. Ó ti ń jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe."

"Ẹ bá mi dì í mú," ni Ààfáà wí. Láti ọdún tí àwọn méjèèjì ti wà ní Joju, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn máa bára mu nìyẹn.

"Mo ní èmi ni. Kò sí nǹkan tó ń mú mi."

"Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn," ni Ìyá Treasure wí, ó nu ojú.

Ibẹ̀ ni Ràbíátù ti dé, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò wo èrò, kò wo Ààfáà. Ó rìn gba àárín wọn kọjá, ó wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wọ̀ láti àárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Bàbá Mọ̀nsúrát, kí ni àwo mi ń ṣe ní títì?"

Ọwọ́ Ààfáà kúrò ní èjìká Sùlè bí ẹni tó fọwọ́ kan irin tí Oyèbọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Pásítọ̀ nu òróró ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Àdúgbò tó ti fi tọkàntọkàn ṣàdúrà fún Sùlè gba àdúrà náà padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Òótọ́ ni, òun ló gbé e síbẹ̀," ni Alága wí díẹ̀díẹ̀. "Bàbá Kọ́lítì, ẹ sọ fún mi. Ta ló ń to ìdọ̀tí báyìí?"

"Alága, ẹ wá wo bó ṣe ń to ìbọ̀sẹ̀," ni Ràbíátù dá a lóhùn. "Inú apẹ̀rẹ̀ mi ló ti mú aṣọ pupa. Ó kù díẹ̀ kó dì í tán, ó tún lọ gé òmíràn torí kò fẹ́ ààbọ̀."

"Orí ewúrẹ́ tó wà nínú àwo ńkọ́?" ni ẹnìkan bi láti ẹ̀yìn.

Sùlè rìn síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí àwo náà. Àwọn tó wà níwájú fẹ̀yìn rìn, wọ́n tẹ àwọn tó wà lẹ́yìn lẹ́sẹ̀. Ó mú àkàrà kan, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Wọ́n ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Oyèbọ́lá ti ṣí apá méjèèjì sílẹ̀ láti gbá a mú bó bá ṣubú. Sùlè gbé e mì tán, ó dúró, ó rò ó.

"Ata rẹ̀ kò tó," ló wí.

"Ta lata rẹ̀ kò tó?" Hàlímọ̀tù ti dé iwájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. "Ohun tó sọ fún mi láàárọ̀ nìyẹn. Àkàrà mi rèé. Ẹ̀yin lẹ ń pe àkàrà mi lórí ewúrẹ́ láti aago méje?"

Oyèbọ́lá na ọwọ́, ó mú ọ̀kan. Pásítọ̀ wo Ààfáà, Ààfáà wo Pásítọ̀, wọ́n pín ọ̀kan. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti apá ibì kan, ó gba gbogbo oríta kan.

"Bàbá," ni Oyèbọ́lá wí, ẹnu rẹ̀ kún, "ẹ rántí èpè yẹn?"

"Èpè wo?" ni Ràbíátù bi.

"Ó ní kí ìyàwó ẹni tó ṣe é kọ̀ ọ́, mà. Gbogbo wa la ṣe àmín."

Ràbíátù wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba àwo mi. Màá rò ó."

Ṣùgbọ́n òfin kì í rẹ́rìn-ín. Alága ní inú òun dùn pé kì í ṣe ẹbọ, àmọ́ ewé ṣì wà nílẹ̀, ọkọ̀ sì ti lọ, ó di Ọjọ́bọ̀ mìíràn. Sátidé, aago mẹ́sàn-án, kò yí padà. Sùlè ní kí wọ́n bá òun wá ọmọlanke kan tí yóò kó o lọ. Àwọn ọlọ́mọlanke tó wà níbẹ̀ ní àwọn gbà pé kì í ṣe ẹbọ, ṣùgbọ́n àwọn kò gbà á tó kí àwọn gbé e.

Sùlè jókòó sẹ́bàá ìdì rẹ̀. Ó ń wò wọ́n, ó ń wo títì, ojú rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yọ bisikíìtì sì ń wá ohun tí kò bára mu. Ó rí i. Ó dìde.

"Alága, ẹ wo ẹnu kọ́fáàtì."

Wọ́n wò ó. Ibẹ̀ ni ìdí gbogbo àkúnya omi Joju. Pátákó wà níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má da ìdọ̀tí síbẹ̀, lábẹ́ pátákó náà gan-an ni wọ́n sì ń dà á sí. Olúṣẹ́gun ló ń kó o kúrò nírọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá sì fi máa mọ́, tí aago mẹ́sàn-án á fi lù, ọ̀rá ìdọ̀tí bíi mẹ́wàá ti máa ń dé sí i. Lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ mọ́ féfé. Kò sí ọ̀rá kan ṣoṣo.

"Ta ló gbá a?" ni Alága bi.

"Ẹnikẹ́ni kò gbá a. Ẹ̀rù ló gbá a. Kò sí ẹni tó lè da ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan yìí. Ẹ wo ẹ̀yìn Ìyá Treasure."

Ìyá Treasure fẹ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síbòmíràn, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ọ̀rá ìdọ̀tí tó gbé jáde láti àárọ̀ ló fi ọwọ́ òsì dì mú lẹ́yìn, òun náà ló gbé lọ́wọ́ nígbà tó fi ọwọ́ ọ̀tún nu omijé.

"Mo fẹ́ gbé e padà sílé ni," ló wí.

Sùlè ti tú ìdì kìíní. Ó fa ọ̀pá pèrègún kan yọ. "Pèrègún kì í bi ilẹ̀ léèrè kó tó hù. Ẹ jẹ́ ká rì wọ́n yí ẹnu kọ́fáàtì ká. Kí ọ̀pá lọ síbẹ̀, ewé tó ṣẹ́kù, ká tẹ́ ẹ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Treasure kó jẹrà, kó di ajílẹ̀. Kò sí èyí tó máa wọ gọ́tà, kò sí èyí tó máa jóná."

Alága tún wo ẹnu kọ́fáàtì. Gbogbo wọn mọ̀ pé àga tìmùtìmù rẹ̀ ló ń rò. "Aṣọ pupa ńkọ́?"

"Mo fẹ́ tú u kúrò."

"Ẹ má tú u," ni Alága wí.

Oyèbọ́lá ní lóòótọ́, wọ́n ní ọdọọdún ni pèrègún ń wọ aṣọ tuntun, tọdún yìí ló bọ́ sí pupa.

Ràbíátù bọ́ téèpù lọ́rùn, Sùlè fi wọn àlàfo, Oyèbọ́lá gbẹ́ ihò, Olúṣẹ́gun tó ti gbé ṣọ́bìrì dé láti wá hú pèrègún ló fi ṣọ́bìrì náà gbìn ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sùlè ní kí wọ́n hú ọ̀pá kẹrin torí pé ó yà díẹ̀. Kí oòrùn tó mú, kò ku ewé kan ní oríta. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó bá wọn tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá. Omi gọ́tà kọjá wẹ́rẹ́, kò ya ilé ẹnikẹ́ni.

Ní aago mẹ́sàn-án Sátidé, Alága yẹ gbogbo ojúlé wò. Ó dé àgbàlá Sùlè, ó wo ilẹ̀, ó wo ọgbà tó dọ́gba bí tábìlì. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó fẹ́ lọ, ó tún padà.

"Bàbá Kọ́lítì, nígbà wo lẹ tún máa gé e?"

"Ṣé mo ṣẹ̀ ni, Alága?"

"Rárá o." Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. "Mo ní ilẹ̀ kan lọ́nà Àtàn. Ẹnìkan ń sún ààlà mi níbẹ̀. Tí mo bá rí ọ̀pá bíi mẹ́jọ."

"Màá wọ̀n ọ́n fún yín," ni Sùlè wí, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín títí Ràbíátù fi bi í bóyá kí òun pe Pásítọ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ akólẹ̀ dé. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, Táyọ̀ yọ orí lójú fèrèsé. Sùlè jókòó sórí àpótí ní oríta, ó ń dúró dè é.

"Bàbá, ṣé ó ti kúrò?"

"Kí ni?"

"Ẹbọ yẹn."

"Kì í ṣe ẹbọ. Ewé ọgbà mi ni. Ìwọ lo ní kí n dì í."

"Mo ní kí ẹ dì í, sà. Mi ò ní kí ẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́." Táyọ̀ sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀. "Nǹkan tó wà nínú àwo ńkọ́?"

"Oúnjẹ yín ni. Àkàrà àti ẹ̀kọ. Mo ní ẹ ò tíì jẹun."

Táyọ̀ yíjú wo àwọn méjì tó so rọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. "Ẹ gbọ́? Àkàrà la sá fún. Gbogbo bí ebi ṣe pa wá lọ́jọ́ yẹn." Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Àkàrà Hàlímọ̀tù, sà?"

"Òun náà."

Sùlè bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àpótí, ó gbé abọ́ kan jáde. Ràbíátù ló fún un, abọ́ ike aláwọ̀ búlúù tó ti là létí, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi wé nǹkan kan. Ó gbé e fún Táyọ̀ látojú fèrèsé. Táyọ̀ ṣí i, ó kà á.

"Mẹ́fà."

"Ẹ̀yin mẹ́ta. Méjì, méjì."

"Wọ́n dọ́gba o, Bàbá," ni Táyọ̀ wí, ó ti bù ú jẹ.

Sùlè kò sọ fún un pé méje ni wọ́n nígbà tóun gbà wọ́n, àti pé ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀, òun sì ti yọ ọ́ jẹ lọ́nà.